Ẹ Bi Omi Léèrè Kí Ẹ Tó Lọ Wo Erin

Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún Fágbàmílà Ajagúnńlá ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ wá tẹ ìlú dó, ogbó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogbó tí kì í ṣe àdá lásán, tó jẹ́ pé bí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bá dé ibi tí ojú ọ̀nà ti pòórá mọ́ inú igbó, tí iwájú kò ṣeé lọ, tí ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, ogbó náà ni yóò júwe ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Àwọn àgbà sì ní láti inú ‘ogbó mọ̀nà’ ni orúkọ Ìgbómìnà ti yọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, mo fi èyí sílẹ̀ fún àwọn onítàn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ní oṣù Ògún ọdún kan báyìí, èmi ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún jókòó sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ènìyàn mẹ́tàdínlógún mìíràn, a ń lọ wo ẹran inú ìgbẹ́ ní igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé, kò sì sí ogbó lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa.

Ibi tí a ń lọ kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ. Igbó náà, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin kí ogun tó tú u ká ní nǹkan bí ọdún 1837. Inú rẹ̀ ni odò Ògùn ń gbà kọjá. Àwọn tó mọ inú rẹ̀ sì ń ròyìn ẹfọ̀n, egbin, ọ̀tọ̀lọ̀, ìmàdò àti ìjímèrè tí ń sáré lórí ilẹ̀ bí ọmọ ènìyàn tí wọ́n rán níṣẹ́. Gbogbo ìyìn wọ̀nyí ni a ti gbọ́ kí a tó gbéra. Ìyá kan nínú wa, tó ń ta aṣọ òkè, ti ń pe oríkì ẹfọ̀n láti Ìkìrun wá.

Koríko ni a rí. Koríko tó ga ju bọ́ọ̀sì lọ, tí orí rẹ̀ ń gbá gíláàsì iwájú bí ìgbálẹ̀, tí èèmọ́ inú rẹ̀ sì mọ́ wa láṣọ láti oókan àyà dé kókósẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sọ̀kalẹ̀ láti ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gáàdì tó ń mú wa rìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pè mí, ó sì nàka sí ilẹ̀: ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n ni, pátákò méjì tó tẹ ilẹ̀ rírọ̀ wọlé, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mi, omi òjò ti kún un dé ẹnu, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ bíi mẹ́fà sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àwọn àgbà ní kí á má ṣe sọ pé a rí nǹkan fìrí nígbà tí àjànàkú bá kọjá, kí á sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí kò rí fìrí pàápàá sọ? Mo bi gáàdì náà bóyá wọ́n ti pa ẹran inú igbó tán ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹran ń bẹ, bàbá,” ni ó wí, “omi ló pọ̀ jù.”

Ẹni tó ṣètò ìrìn náà, tí n kò ní dárúkọ, sọ iye owó fún wa, ó sọ irú oúnjẹ tí a ó jẹ, ó tilẹ̀ sọ àwọ̀ fìlà tí gbogbo wa yóò dé kí a lè jọ ara wa nínú fọ́tò. Kò sọ fún wa pé oṣù Ògún kì í ṣe oṣù ìwòran. N kò dá a lẹ́bi tán, nítorí nínú àwa méjìdínlógún, kò sí ẹni tó bi í. Àwọn ilé-ìwé ti gba ìsinmi, ọ̀gá ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ààyè, ọkọ̀ wà, owó pé, a sì rò pé ìyẹn tó.

Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣètò ìrìn tí gbogbo ayé wá ń pè ní safari, ọ̀rọ̀ tí kò ju ìrìn-àjò lásán lọ lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Swahili. Ìgbà tí ọ̀gá bá yọ̀ǹda ni à ń lọ, ibi tí tẹlifíṣọ̀n bá fi hàn wá ni à ń lọ, a ó sì padà wálé pẹ̀lú fọ́tò ilé ìtura. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jà bá mi jà lé lórí, ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ṣáájú owó, kí ó ṣáájú ọkọ̀, kí ó sì ṣáájú ìsinmi pàápàá: níbo ni omi wà ní oṣù yẹn?

Bàbá mi àgbà kò mọ̀wé, wọn kò sì rí Kẹ́ńyà lójú àlá, ṣùgbọ́n ọdẹ ni wọ́n, ọdẹ tí ń fi òru ṣe ọ̀sán ní ọ̀nà Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá nígbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀ tí ẹran sì ṣì wà nínú igbó. Bí òjò bá ń rọ̀, oko ni ẹ ó ti bá wọn, tàbí lábẹ́ ọ̀pẹ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́mu. Ìbọn wà lókè àjà. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ká òpò rẹ̀ tán, tí ọyẹ́ dé, tí ètè ń là, tí lékeléke sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ọ̀yà wá fi ìyẹ́ funfun tọ màlúù lẹ́yìn, wọn kò tíì ní gbéra síbẹ̀. Wọn a ní ẹran kò tíì pòǹgbẹ. Ó di ìgbà tí ìgbẹ́ bá jó, tí ewéko tútù rú láti inú eérú, tí odò kéékèèké sì ti di ọ̀gọ̀dọ̀ níhìn-ín àti ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún, kí ìbọn tó sọ̀kalẹ̀ láti àjà.

Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọmọdé, ní ìgbà tí ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ bàtà. A kò rìn kiri. Wọ́n bu ekuru sí àárín ìka méjì, wọ́n jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ọ̀gọ̀dọ̀ kan po kí a lè jókòó síbi tí òórùn ara wa kò ní ta sí ẹran nímú, wọ́n sì fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀ kí n má baà mira. Oòrùn ń rọ̀ nígbà tí àgbọ̀nrín kan yọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé èkejì, ó dúró. Etí rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ìyá olóńjẹ ń fẹ iná. Àfi ìgbà tí ó fi ẹnu kan omi tí mo gbọ́ bí ó ti ń fà á mu. A jẹ ẹran náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ọdẹ fi ń pa ẹran náà gan-an ni olùwòran nílò láti fi rí i láìpa á: ẹran kì í ṣe ibi kan, ẹran kì í sì ṣe ọjọ́ kan, ibi tí omi bá kù sí, tí koríko tútù bá wà, ibẹ̀ ni ẹran. Darandaran tí ń da màlúù kọjá lẹ́yìn ilé wa lọ́dọọdún mọ èyí, lékeléke mọ̀ ọ́n. Àwa tí a kàwé ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń rí nínú ọ̀dàn tiwa, láti òkè Ọ̀yọ́ títí dé Bauchi, títí dé àríwá Gánà, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti nǹkan bí Èbìbí títí di Ọ̀wàrà ni òjò ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì bíi tiwa níhìn-ín. Ní gbogbo àkókò yẹn, gbogbo kòtò ló lómi, gbogbo ilẹ̀ ló ní koríko, kò sì sí ohun tí yóò mú erin rìn jìnnà wá síbi tí ojú ọ̀nà ọkọ̀ wà. Ó lè wà ní ìwọ̀n ìsọ̀kò kan sí yín kí ẹ má mọ̀. Nígbà tí òjò bá wábi gbà, koríko yóò gbẹ, àwọn gáàdì yóò dáná sun díẹ̀díẹ̀ kí iná ńlá má baà jà lẹ́yìn ọ̀la, ọ̀nà yóò ṣeé tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gọ̀dọ̀ inú igbó kò tíì tán. Láti Èrèlé lọ dé Ẹrẹ́nà, títí kan ìbẹ̀rẹ̀ Igbe, ni ọ̀rọ̀ dé góńgó: omi ti kù sí ojú odò ńlá nìkan, ewé ti já kúrò lórí igi, gbogbo ẹran, èyí tí ń pani àti èyí tí à ń pa, ló di dandan fún láti wá sí ibì kan náà. Òjò àkọ́rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò tún tú wọn ká.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ wa jà lórí oṣù Ọ̀pẹ. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti wálé fún ọdún, owó ń bẹ lápò, ara ń yá, ẹnì kan yóò sì dìde pé kí á lọ wo ẹranko kí ọdún tó yí. Mo mọ̀ pé kò sí ìgbà mìíràn tí gbogbo wa lè péjọ, ẹjọ́ yìí kò sì rọrùn láti dá. Ṣùgbọ́n oṣù àríyá ni Ọ̀pẹ, kì í ṣe oṣù ẹranko: koríko ṣì wà lórí ìdúró ní apá kan, omi ṣì wà káàkiri, ọyẹ́ sì ti da ìkùukù ekuru bo ojú ọ̀run débi pé igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò hàn dáadáa, áńbọ̀sì ẹran. Ẹni tó bá lè sún ìrìn náà sí oṣù mẹ́ta síwájú yóò fi owó kan náà rí ohun tó tó ìlọ́po rẹ̀.

Èyí tó burú ju ti àwọn ẹgbẹ́ lọ ni ti àwọn ilé-ìwé wa. Àṣà ti di kí ilé-ìwé kó àwọn ọmọ lọ ìrìn ìwòran ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kẹta, ní oṣù Agẹmọ, lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí òjò ń da omi lu gbogbo òrùlé. Mo ti rí ọmọ tó lọ tó sì bọ̀ tó ní òun kò gbà pé ẹranko kankan ń bẹ níbẹ̀, pé ìjọba ló ń parọ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Bẹ́ẹ̀ sì ni ìsinmi àárín sáà kejì máa ń bọ́ sí oṣù Èrèlé, ìgbà tí ó dára jù lọ gan-an. Bí ó bá jẹ́ dandan kí wọ́n rìn ní Agẹmọ, ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Ayìkúnnugbá wà ní Òkè-Ìlá nítòsí wa yìí, òjò ló mú un lẹ́wà. Ẹni tó bá lọ wò ó nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò ní rí ju àpáta àti okùn omi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ní Agẹmọ ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà wà, tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2005, tí ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sì í fi ìgbà kankan sá fún ènìyàn tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbi tí omi wà nígbà omi. Ẹ jẹ́ kí ẹranko di ti ẹ̀ẹ̀rùn.

Níbo wá ni kí ènìyàn lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà? Yankari ní Bauchi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 tí wọ́n sì ṣí fún àlejò ní 1962, ni mo gbọ́ ìròyìn erin rẹ̀ jù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, odò Gaji nìkan ni erin ibẹ̀ ní láti gbójú lé, omi Wikki tó wà níbẹ̀ sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tọ̀sán tòru. Kainji, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè wa, súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, odò Oli sì ni ibi tí erinmi àti ẹfọ̀n ibẹ̀ ń kó jọ sí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni mo ń kọ fún, kì í ṣe ìwé ìpolówó. Àwọn agbébọn àti ajínigbé ti sọ inú igbó Borgu ní Kainji náà di ibùba, ẹ̀rù wọn sì ti ká dé àwọn ọ̀nà kan ní òkè Ọ̀yọ́. Pendjari ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, tí kìnnìún rẹ̀ lókìkí ju ti ibikíbi lọ ní ìhà tiwa, bọ́ sínú wàhálà kan náà: ní ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí ọdún 2019 ni wọ́n jí àlejò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, tí wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn rìn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn alákòóso ibẹ̀, kí ó sì tún bi ẹni tó ń gbé ìlú tó kángun sí i, nítorí bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ẹ̀mí wá egbin.

Ìdí nìyẹn tí èmi fi yí ojú mi sí Gánà, ibi tí n ó padà sí láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yára dá àwọn tó ti fi owó pamọ́ fún ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà lóhùn, nítorí wọ́n pọ̀.

Ẹni tó bá ti gbé Ìlá rí kò yẹ kí ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà rú u lójú. Òjò méjì ni tiwọn bíi tiwa, oòrùn ni ó ń gba òkè orí wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí òjò sì ń tẹ̀lé e: èyí tó pẹ́ láti Ẹrẹ́nà sí Èbìbí, èyí tí kò pẹ́ ní nǹkan bí oṣù Bélú. Ní Serengeti, tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1951, ẹran kan wà tí òyìnbó ń pè ní wildebeest, tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹṣin, tí ìwo rẹ̀ jọ ti màlúù, tí irùngbọ̀n rẹ̀ jọ ti òbúkọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan, gbogbo rẹ̀ ló sì ń tọ òjò lẹ́yìn yípo lọ́dọọdún. Láti Ṣẹẹrẹ sí Ẹrẹ́nà, ìhà gúúsù ni wọ́n wà, níbi tí eérú òkè oníná ayé àtijọ́ ti mú kí koríko lọ́ràá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ń bọ́ sáyé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí kìnnìún àti ìkookò má baà lè jẹ wọ́n tán. Láti Agẹmọ sí Ọ̀wàrà, wọ́n ti dé àríwá, wọ́n ń dá odò Mara níbi tí ọ̀nì ti la ẹnu dè wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ń lọ sí Serengeti kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Kí ó sọ oṣù, kí n lè sọ ìhà tí ó yẹ kí ó sùn sí.

Ti gúúsù ni ó ń dà wá láàmú jù, nítorí ayé ibẹ̀ dorí kodò sí tiwa. Nígbà tí òjò Agẹmọ bá ń lù wá níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀rùn ni ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀rùn olótùútù tí ń mú ènìyàn wọ súẹ́tà ní ìdájí. Kruger, tó gba orúkọ ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1926, ń gbẹ láti Èbìbí títí di Ọ̀wẹ́wẹ̀; ewé já, ẹ̀fọn dín kù, ẹran sì fara hàn létí omi. Oṣù Ògún tó jẹ́ kí èmi rí koríko ní Ọ̀yọ́-Ilé ni oṣù tí ó yẹ kí àwọn tó lówó ọkọ̀ òfuurufú wọ Kruger. Àwọn ẹbí wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìsinmi gígùn àwọn ọmọ wọn kì í kọjá Agẹmọ sí Ògún, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wọ́n wá sí ọ̀dàn tiwa nígbà náà.

Omi kan ṣì wà níbẹ̀ tí n kò lè ṣàìsọ, nítorí ó dà bí àlọ́. Ní Botswana, odò Okavango ń ṣàn wọ inú aṣálẹ̀ Kàlàhárì, kò sì dé òkun láéláé, yanrìn àti oòrùn ló ń mu ún tán. Òjò tí ń kún un kì í ṣe òjò ibẹ̀: orí òkè ilẹ̀ Àǹgólà ni ó ti ń rọ̀, ní Ṣẹẹrẹ àti Èrèlé, omi náà yóò sì máa rìn lẹ́sẹ̀ àgbà, oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, nínú ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tó fi jẹ́ pé láti Òkúdu sí Ògún ni ó ń kún jù, ìgbà tí Botswana fúnra rẹ̀ gbẹ táútáú tí ẹ̀kán òjò kan kò sì sí lójú ọ̀run. Erin yóò rìn la inú ekuru kọjá wá bọ́ sínú omi tí kò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí UNESCO fi ibẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2014, òun ni ó ṣe ìkẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá fi òjò nìkan ṣírò yóò ṣìnà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé omi ni mo ní kí ẹ bi, n kò ní kí ẹ bi òjò.

Ní ti àwọn ohun kéékèèké: abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni wọn yóò bi ọmọ Nàìjíríà léèrè ní ibodè Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, kí ẹ gbà á ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, ó ti di ti ọjọ́ ayé ẹni láti ọdún 2016, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ tún un gbà. Ẹ má wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run wọ ibi tí eṣinṣin tsetse wà, ó máa ń tọ̀ ọ́ wá. Ìyókù, ẹ bi ìyàwó yín.

Ó wá ku Gánà. Ní Ẹrẹ́nà ọdún tó tẹ̀lé ti koríko yẹn, mẹ́sàn-án péré nínú wa ló tún dáwó jọ. Àwọn tó kù ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó àwọn. A gba Kùtọnu, a gba Lomé, a gba Àkúrá àti Kùmásí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, a sì dé Larabanga, níbi tí mọ́ṣáláṣí alámọ̀ àtijọ́ kan wà tí igi yọ jáde lára ògiri rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà Mole, ọgbà ẹranko tó gbòòrò jù lọ ní Gánà, tó gba orúkọ ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1971. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ilé àlejò sí. Ènìyàn yóò dúró lókè, yóò sì máa wo adágún méjì nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó yí wọn ká pupa, igi ibẹ̀ sì ti wọ̀hò bí àgbà tó bọ́ agbádá.

A ti ń mu ẹ̀kọ tí a gbé láti ilé wá nígbà tí gáàdì, ọmọ Gonja tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, juwọ́ sí wa pé kí á dìde. Ẹsẹ̀ ni a fi sọ̀kalẹ̀ lọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ó bu ekuru, ó jẹ́ kí ó dà láàárín ìka rẹ̀. Ọkàn mi sọ kúlú. Ó yí wa gba apá òsì, a jókòó sẹ́yìn igi kan, erin mẹ́rin sì wà níwájú wa nínú omi, ó lè tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Ọ̀kan fa ẹrẹ̀, ó dà á sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ilé. Etí rẹ̀ ya ní apá kan. Mo ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ti ń kùn.

Ìyá aláṣọ òkè wa, tí kò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ nítorí orúnkún ń dùn wọ́n, yọ gèlè kúrò lórí, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ekuru, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní ohùn ìsàlẹ̀, Àjànàkú, Lákátabú, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni tó bá ìyekan rẹ̀ pàdé lójú àjò. Gáàdì náà tẹ̀ sí mi létí, ó béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Mo ní rárá, wọ́n ń kí i kú ilé ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n sọ fún ìyá pé kí wọ́n rọra, afẹ́fẹ́ ti ń yí.